Adìyẹ Tó Wọ Ọkọ̀ Òfuurufú

Verlyn àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ti jókòó sínú ọkọ̀ mi kí n tó rántí pé n kò tíì lọ mú àga ọmọdé.

"Ọ̀gbẹ́ni Alban, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe kíá," ni Verlyn wí. "Àárọ̀ yìí ni ọkọ̀ ojú omi tí ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́ gúnlẹ̀ sí erékùṣù ńlá, ìrọ̀lẹ́ ló tún ń lọ. Kò tíì fojú kan ọmọ ọwọ́ yìí rí. Bí bàlúù bá fi mí sílẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Òótọ́ ni ó sọ. Òkun ń ru, ọkọ̀ ojú omi tiwa kò sì lè rìn. Ṣùgbọ́n sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá tuntun ti pàṣẹ pé ọkọ̀ tó bá gbé ọmọdé lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú gbọ́dọ̀ ní àga ọmọdé nínú. Ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo àwa awakọ̀ erékùṣù wa jọ ní. Ẹni tó bá lò ó kẹ́yìn a gbé e sí ìloro Tántì Melvina ní oríta.

A bá a níbẹ̀. Adìyẹ Tántì ń sàba nínú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Tántì. Àga la wá mú."

"Alban, ṣé ojú ẹ fọ́ ni? O ò rí abiyamọ lórí ẹ̀?"

"Ẹ gbé e síbòmíràn."

"Adìyẹ tí wọ́n bá gbé kúrò lórí ẹyin kì í padà síbẹ̀ mọ́. Ìyá ẹ ò kọ́ ẹ ni?"

Verlyn bú sẹ́kún. Tántì wo ọmọ ọwọ́ náà, ó pòṣé. "Ó dáa. Àga á lọ, adìyẹ á lọ, èmi náà á lọ. Mi ò lè fi í lé Alban lọ́wọ́. Níbi tí kò sí kòtò gan-an, á wá kòtò rí níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fi bẹ́líìtì di adìyẹ mọ́ àga. Kezron, ọmọ ọdún mẹ́ta, jókòó sórí itan Tántì, ó ń kọrin fún adìyẹ.

Lẹ́nu ọ̀nà pápá, sájẹ́ǹtì yọjú wọ inú ọkọ̀.

"Àga ọmọdé dà?"

"Òun nìyẹn, sà."

Ó wo adìyẹ. Adìyẹ náà wò ó.

"Àṣẹ tí mo pa kò sọ ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀," ni ó wí tìbànújẹ́-tìbànújẹ́. "Ẹ máa lọ. Ẹ rọra wakọ̀ o, ìyá wà lórí ẹyin."

A kò tíì já ẹrù sílẹ̀ tán tí Kezron fi kígbe pé, "Ẹyin ń sọ̀rọ̀!"

Akọ̀wé pápá sáré dé, àwọn agbẹ́rù sáré dé, Desmond tí yóò wa ọkọ̀ òfuurufú náà sì sáré dé. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í kẹ̀yìn sí adìyẹ tó bá ń pamọ lójú rẹ̀, títí ẹyin ìkẹyìn yóò fi là.

"Bùrọ̀dá Desmond, àkókò ń lọ!" ni Verlyn ké.

"Àǹtí, ọ̀kan péré ló tíì yọ ẹnu. Ṣé kí n wá kẹ̀yìn sí i? Èpè ta lẹ fẹ́ kó jà mí lókè ọ̀run?"

Ọmọ kan jáde. Oòrùn mú. Verlyn dákẹ́ ẹkún. Ó gbé ọmọ ọwọ́ lé mi lọ́wọ́, ó tú bẹ́líìtì, ó gbé àga, adìyẹ àti ẹyin lápapọ̀, ó ń lọ sínú ọkọ̀ òfuurufú.

"Mi ò kẹ̀yìn sí i o," ni ó kígbe. "Mo gbé e dání ni. Ẹni tó bá fẹ́ wo ìyókù, kó wọlé!"

Desmond sáré. Tántì yá ju Desmond lọ, tòun ti sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀.

"Tántì, ẹ ò ní tíkẹ́ẹ̀tì!" ni akọ̀wé ń pariwo.

"Ṣé adìyẹ ní in?"

Mo gbé ọmọ ọwọ́ sá tẹ̀ lé wọn, àwọn méjì yòókù níwájú mi, mo na ọmọ ọwọ́ sí ìyá wọn, wọ́n sì gbéra.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, Verlyn pè mí.

"Bàbá ọmọ ti gbé e?" ni mo bi í.

"Ó ti gbé e. Ọmọ sunkún, ọkọ mi náà sunkún."

"Ọkọ̀ wọn ti wá lọ nìyẹn?"

"Lọ sí ibo? Ọmọ ìlú wa ni ọ̀gá ọkọ̀ wọn. Ó ti lóṣòó ti àga lẹ́bàá Tántì ní èbúté níbí. Ẹyin kan ṣì kù, Tántì sì ní ẹni tó bá ran ẹyin náà lọ́wọ́ á rí òun."