Òróró Ùùdù Tí Àlàájà Tà Fún Balqees

Kàmọ́rù ò kí ẹnikẹ́ni. Àlàájà Mùsílímátù, tó ń ta lọ́fíńdà ní Gáréèjì Ìkòròdú, ń rọ òróró sínú ìgò lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí Kàmọ́rù, apẹja ará Ẹ̀pẹ́, fa àdá yọ, tó sì fi ẹ̀yìn àdá gbá tábìlì. Ìgò fọ́ yángá yángá. Òórùn ùùdù, òróró lọ́fíńdà tó ń tà, gba gbogbo ibẹ̀ kan.

"Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ Salman lọ́sibítù," ni Kàmọ́rù wí. "Ọmọ mi."

Àlàájà rántí ọmọ náà. Ẹ̀gún ẹja àrọ̀ ló gún un lẹ́sẹ̀ lọ́jà Ẹ̀pẹ́, Balqees ìyá rẹ̀ sì wọkọ̀ wá sí Ìkòròdú torí gbogbo ayé ló ti gbọ́ pé ùùdù Àlàájà ń pa kòkòrò inú egbò. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé? Àlàájà fúnra rẹ̀ ni. Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀.

Kì í ṣe irọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Fọláwùmí, oníbàárà rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù, ló là á yé e. Igi ùùdù kì í ta sánsán nígbà tára rẹ̀ bá le. Àfi tí wọ́n bá ṣá a, tí ojú ọgbẹ́ náà sì kẹ̀, ni igi á sun oje dúdú láti fi gbèjà ara rẹ̀. Oje yẹn ni wọ́n ń sè dòróró. Fọláwùmí kán ògidì rẹ̀ sínú abọ́ tí kòkòrò àìsàn wà, kòkòrò sì kú yí i ká. "Ṣùgbọ́n inú abọ́ nìyẹn o, Màmá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi í sójú egbò dípò ọsibítù." Àlàájà mú ti kòkòrò, ó fi ti abọ́ sílẹ̀. Èyí tó wá ń tà gan-an kì í ṣe ògidì. Òróró ìpara ọmọdé ló ń bù là á, bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe. Ẹni tó fi para lọ kírun Jímọ̀ ò rí àléébù kankan ńbẹ̀. Egbò ló rí i.

"Irọ́ lo pa fún ìyàwó mi," ni Kàmọ́rù wí.

"Òróró mi ò ní nǹkan kan," ni Àlàájà dáhùn. "Bóyá ẹ ò tọ́jú egbò yẹn dáadáa ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ló dá a sílẹ̀. Àdá lọ sókè, ó ba Àlàájà lápá. Ẹran là, ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Kí Kàmọ́rù tó tún gbé e sókè, àwọn ọmọ gáréèjì ti dé. Wọ́n gba àdá, wọ́n la pákó mọ́ ọn lórí, wọ́n wọ́ ọ nílẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù bí òkú ewúrẹ́. Eyín rẹ̀ yọ dànù. Wọ́n ní ó fẹ́ pa ìyá oníyàá. Ẹnì kan ti gbé táyà dé, òmíràn ń bèèrè epo lọ́wọ́ ọlọ́kadà. Àlàájà rí gbogbo rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun nìkan ló lè gba ọkùnrin yẹn sílẹ̀, ó sì mọ̀ pé tóun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ á jóná mọ́ ọn. Obìnrin yìí dákẹ́.

Ummusalamah, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń tajà, sáré wọlé, ó rí apá ìyá rẹ̀, ó sì já ìdérí ìgò ùùdù.

"Má dà á sí i!" ni Àlàájà kígbe.

"Màámi, kòkòrò á wọ̀ ọ́."

"Mo ní o ò gbọdọ̀ dà á sí i. Gbé mi lọ ọsibítù. Òróró yẹn ò lè pa kòkòrò kankan."

Àwọn ọmọ gáréèjì gbọ́ ọ, pákó dúró lókè. Ọkùnrin tó gbé táyà wo Àlàájà, ó wo Kàmọ́rù, ó rọra gbé táyà kalẹ̀.

Kàmọ́rù gbé orí sókè nínú ẹ̀jẹ̀. Ìbínú ti tán lójú rẹ̀, ó sì ń bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

"Màmá," ló wí, "ohun tẹ́ ẹ sọ fún ọmọ yín yẹn, ẹ ò bá ti sọ ọ́ fún Balqees."