Omi Tí Àwọn Awakọ̀ Kì í Mu

Wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Ẹni tó pa òwe yẹn kò wa bọ́ọ̀sì rí ní ìlú Wuhan ní Ṣáínà nínú ooru oṣù keje, láti etí odò títí dé ọjà ẹ̀fọ́, wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ní àlọ, iye kan náà ní àbọ̀. Kó wá bi Tan Guilan léèrè, obìnrin tó ti ń wa ọkọ̀ ojú ọ̀nà yẹn láti ọdún mọ́kàndínlógún. Guilan á sọ fún un pé omi lọ́tàá, àgádágodo sì lorúkọ ọ̀tá náà.

Ara ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ ibùdó ọjà ẹ̀fọ́ ni àgádágodo ọ̀hún wà. Láti oṣù kẹta ni Shu Deming, ọ̀gá tó ń dá àkókò fún àwọn bọ́ọ̀sì níbẹ̀, ti tì í pa. Ó ní páìpù bẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni awakọ̀ fi ń sinmi kó tó yí ọkọ̀ padà. Ilé ìtọ̀ mìíràn tó sún mọ́ wọn wà lódìkejì afárá, ìrìn ìṣẹ́jú méje. Awakọ̀ tó bá pẹ́, Shu á fi gègé pupa kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó kí gbogbo ayé rí i. Àwọn ọkùnrin a máa yà sẹ́yìn ògiri. Àwọn obìnrin ńkọ́? Wọn kì í mu omi ni.

Kí ilé ìtọ̀ yẹn tó di títì pàápàá, ìlà ibẹ̀ máa ń gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ, nítorí náà ó ti pẹ́ tí Guilan ti mọ ọgbọ́n rẹ̀. Láàárọ̀, núdù gbígbẹ tí kò lómi ọbẹ̀ ló ń jẹ, kì í fẹnu kan ẹ̀kọ ìrẹsì. Á fi èso kíkan gbígbẹ sábẹ́ ahọ́n kí itọ́ lè máa sun. Bí ọ̀fun bá gbẹ jù, á bu omi sẹ́nu, á fi fọ ẹnu, á tu ú dànù. Láti aago mẹ́rin àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, ìdajì ife lomi tó ń wọ inú rẹ̀, ó sì máa ń fi í ṣe fáàrí. Nígbà tí wọ́n fa Qiu Yuzhen, ọmọbìnrin awakọ̀ tuntun kan, lé e lọ́wọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn, kó kọ́ ọ níṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta bí ìṣe ilé iṣẹ́ wọn, ó kọ́ ọ ní bíréèkì, ó kọ́ ọ ní dígí, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró de arúgbó kó jókòó kí ọkọ̀ tó gbéra. Ó kọ́ ọ níyẹn náà mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù keje, ilé iṣẹ́ pín fúláàsì tuntun fún àwọn awakọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé: ÌLERA LOÒGÙN ỌRỌ̀, Ẹ MÁA MU OMI. Wọ́n ní kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n yà wọ́n ní fọ́tò. Guilan gbé fúláàsì tirẹ̀ tọ Shu lọ.

"Ọ̀gá Shu, a dúpẹ́ fúláàsì o. Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Kọ́kọ́rọ́ wo?"

"Ti ilé ìtọ̀. Àbí inú fúláàsì náà la ó ti máa tọ̀?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ojú Shu le. "Àǹtí Tan, oṣù mẹ́wàá ló kù tí ẹ máa fẹ̀yìn tì. Ẹ ti ń fara dà á bọ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n kọ orúkọ yín sára pátákó."

Guilan gbé fúláàsì rẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gún un bí ọ̀bẹ. Dókítà wo àwòrán inú rẹ̀, ó ní òkúta ti ń dì sínú kíndìnrín rẹ̀, pé kó máa mu ife omi mẹ́jọ lóòjọ́. Nígbà tó délé, Peng ọkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù.

"Ṣebí mo ti ń sọ fún ẹ? Máa mu omi gbígbóná."

"Orí fọ́ mi, o ní omi gbígbóná. Ìyá mi kú, o ní omi gbígbóná. Bí ilé yìí bá ń jó, wàá ní kí n mu omi gbígbóná! Níbo ni màá tọ̀ ọ́ sí, Peng?"

"Oṣù mẹ́wàá péré ló kù," ni Peng wí.

Ọ̀rọ̀ Shu náà gẹ́lẹ́ ló jáde lẹ́nu ọkọ òun! Guilan ju àwo sínú bàsíà ìfọbọ́, ó sì fọ́. Ṣùgbọ́n bílẹ̀ ṣe mọ́, ó tún fi èso kíkan sábẹ́ ahọ́n.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn, Yuzhen dákú sórí ọwọ́ ìdarí ọkọ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ọkọ̀ ti dúró, ilẹ̀kùn ti ṣí, àwọn èrò ń sọ̀ kalẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò tó wà lórí iná, kò sì sí òógùn kankan lára rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni.

Nígbà tí Guilan débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ Yuzhen. Àpò ìtọ̀ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ṣófo. Dókítà ní kíndìnrín méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀; bó bá tọ̀, á yè; bí kò bá tọ̀, ẹ̀rọ ni yóò máa bá gbé. Ìyá Yuzhen, obìnrin tó ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, di ọwọ́ Guilan mú.

"Ìwọ lọ̀gá ẹ̀, àbí? Ha, o ṣeun o. Orúkọ ẹ ló wà lẹ́nu ẹ̀ ṣáá. Gbogbo ohun tó o kọ́ ọ ló ń ṣe. Àní nílé pàápàá, tó bá ku ọ̀la kó lọ síbi iṣẹ́, kì í mu omi lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ó ní bí ọ̀gá òun ṣe ń ṣe nìyẹn."

Guilan ní kí ìyá náà má dààmú, ó sì jáde.

Ìbínú tó gbé wọlé lọ́jọ́ yẹn kò jẹ́ kó sùn. Ó bínú sí Shu, ó bínú sí Peng, ó bínú sí àwọn tó ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n èyí tó ń jó o nínú jù, orúkọ ara rẹ̀ ló ń jẹ́.

Láàárọ̀, ó pọn omi kún fúláàsì ilé iṣẹ́ dẹ́nu. Ní gbogbo ibi tí iná pupa bá ti dá a dúró, ó ń mu. Kó tó dé ọjà ẹ̀fọ́, ó ti mu ún tán. Ó gba ọ́fíìsì Shu lọ tààrà.

"Kọ́kọ́rọ́."

"Àǹtí Tan, mo ti sọ pé páìpù..."

"Kọ́kọ́rọ́!"

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù o!"

Lábẹ́ tábìlì ni bàsíà tí Shu fi ń rẹ ẹsẹ̀ lọ́sàn-án wà. Guilan fi ẹsẹ̀ fà á jáde, ó fa aṣọ bo fèrèsé. "Bó o bá fẹ́, dúró kó o máa wò. Kò kàn mí."

Shu sá jáde bí ẹni tí oyin ń lé. Àwọn awakọ̀ tó wà níta gbọ́ ìró ìtọ̀ náà nínú bàsíà, nítorí ó pẹ́ kó tó tán. Nígbà tí Guilan máa ṣílẹ̀kùn, obìnrin mẹ́rin ti tò sẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ó kàn mí," ni ẹni àkọ́kọ́ wí.

Kó tó di ọ̀sán, ilé iṣẹ́ ti rán àwọn òṣìṣẹ́ wá gé àgádágodo náà. Kò gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí páìpù tó bẹ́. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì Shu ni wọ́n bá nínú ilé ìtọ̀ àwọn obìnrin, tuntun ni, ó ń gbaná lára ògiri, Shu sì ti fi ọ̀rá bo ìjókòó rẹ̀ kí eruku má bàa bà á.

Àwọn obìnrin pariwo. Wọ́n gbá Shu mú ní kọ́là, wọ́n ń pe Guilan ní akọni, wọ́n fẹ́ gbé e sókè. Ó já ara rẹ̀ gbà. "Ẹ fi mí sílẹ̀! Ẹ má yìn mí o. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń bọ̀ kí n tó ya akọni, ẹ tún wá ń yìn mí?" Ó fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn bí èrò, ó lọ sílé ìwòsàn.

Ìyá Yuzhen sáré pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ti tọ̀! Lówùúrọ̀ yìí! Ìwọ̀n ife kékeré kan, ó pọ́n bíi tíì, ṣùgbọ́n ìtọ̀ ni. Dókítà ní ìrètí wà. Ọ̀gá, ẹsẹ̀ ẹ tutù. Ọlọ́run á san án fún ẹ."

Ó tún di ọwọ́ Guilan mú.

"Màmá, ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi mọ́," ni Guilan wí. "Kì í ṣe ooru nìkan ló dá a dúbúlẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má máa mu omi. Mo pè é ní ọgbọ́n iṣẹ́. Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ wa, n kò fọ́ ọ, mo ti kọ́ ọmọ yín bí wọ́n ṣe ń gbẹ."

Ìyá náà fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ọwọ́ Guilan, ó sì nu ún sára aṣọ rẹ̀.

"Jókòó síbẹ̀ yẹn," ló wí. "Èmi kọ́ ni màá bá ẹ sọ fún un. Tó bá jí, ìwọ fúnra ẹ ni wàá sọ ọ́ lójú ẹ̀."

Guilan jókòó.