Ẹ̀san Ìyá Ánímè

“Ṣé ohùn yín kọ́ nìyí?” ni ọ̀gá àgbà ilé ìwé bi tíṣà obìnrin tó wà níwájú rẹ̀, ó sì tún fi ìka tẹ fóònù tó wà lórí tábìlì.

Ohùn rẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ ni, aṣọ aláwọ̀ ewé rẹ̀ ni, ìdúró rẹ̀ ni, ọwọ́ kan ní ìbàdí. Nínú fídíò náà, ó na ìka sí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ ìṣẹ́, kí lẹ fẹ́ fi ìwé ṣe? Inú oko ẹrú la bí yín sí, inú rẹ̀ náà lẹ ó kú sí.” Ibẹ̀ ni fídíò náà parí sí. Kò gùn ju kí èèyàn sín kó tún sín lọ, ṣùgbọ́n ó ti dé ọwọ́ gbogbo òbí kí wọ́n tó lu agogo àárọ̀.

“Ohùn mi ni,” ó dáhùn. “Ọ̀rọ̀ mi kọ́.”

Ó wá ṣàlàyé. Ẹ̀kọ́ ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ibi tí wọ́n sì dé nínú ìwé ni bí àwọn alágbára ṣe máa ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ mọ́ àwọn mẹ̀kúnnù. Ó ti ka orí ìwé náà fún wọn títí, ọ̀rọ̀ ń wọlé létí kan, ó ń jáde létí kejì, àwọn kan tilẹ̀ ń hanrun. Ló bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ń wò tí oorun kì í kùn wọ́n. Wọ́n ní ánímè, àwọn àwòrán tí àwọn ará Japan ń yà, tí wọ́n ń jẹ́ kó rìn kó sì sọ̀rọ̀. Ó lọ sílé, ó wò ó. Eré ọmọdé ló kọ́kọ́ pè é, àfi ìgbà tó bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń nu omijé nítorí ọmọbìnrin kan tí wọ́n fi tàdáwà yà, tí ojú rẹ̀ tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń fi ánímè kọ́ wọn, àwọn ọmọ sì fún un lórúkọ, Ìyá Ánímè.

Èyí tó fa wàhálà yìí jẹ́ ìtàn ìlú kan tí ọba ibẹ̀ fòfin de ìwé kíkà fún àwọn ọmọ atanná, ìyẹn àwọn tó ń tan fìtílà ìlú. Wọ́n sọ ọ́ di eré ní kíláàsì. Ìyá Ánímè ṣe ọba, àwọn ọmọ ṣe àwọn atanná tó ń bá ọba jiyàn. Ọ̀rọ̀ ọba ni ẹnì kan gé jáde. Èsì àwọn ọmọ, tó gún régé débi pé òun fúnra rẹ̀ gbàgbé pé ọba lòun, kò sí níbẹ̀ rárá.

Ọ̀gá àgbà tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní òun gbà á gbọ́, pé àwọn ọmọ náà ti sọ bẹ́ẹ̀. “Ṣùgbọ́n àwọn òbí ti gbọ́ ohùn, mà. Wọn ò ráyè gbọ́ àlàyé mọ́.” Ó ní kó fi kíláàsì sílẹ̀ ná, kó máa bá wọn to ìwé ní yàrá ìkàwé.

Ìyá Ánímè kò ní láti wá ẹni tó ṣe é jìnnà. Kámẹ́rà kan wà lókè pátákó ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, Tíṣà Kọ̀ǹpútà ló gbé wọn síbẹ̀, òun nìkan ló sì lè wọ inú ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ohun tí wọ́n bá ká. Ipò igbákejì ọ̀gá àgbà ṣófo, àwọn méjèèjì ló sì ń du ipò náà. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu rí. Ọkùnrin náà gbà pé láìpẹ́ síkíríìnì ni yóò máa kọ́ ọmọ, iṣẹ́ tíṣà kò ní ju kó máa ní kí wọ́n dákẹ́. Ìyá Ánímè a máa dá a lóhùn pé ẹ̀rọ lè gbé ìmọ̀ wá bí ẹní gbé omi wá, ṣùgbọ́n èèyàn ló ń mọ ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ. Nígbà tó lọ bá a pé kó fún òun ní fídíò náà lódindi, ó ní ẹ̀rọ ti nù ún fúnra rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Bàtà rẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.

Wọ́n fi Tíṣà Kọ̀ǹpútà jẹ igbákejì. Ní ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, ó wá bá Ìyá Ánímè ní yàrá ìkàwé, ó tẹrí ba, ó ní, “Ẹ fi sùúrù ṣe é, mà. Ayé á gbàgbé.” Ó tún bá a fa àga. Àga yẹn ló dùn ún jù.

Ayé ò gbàgbé. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní ìkóríta sọ fún un pé búrẹ́dì ti tán, búrẹ́dì sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gègèrè. Ìyá rẹ̀ tó ń gbé lọ́nà jíjìn pè é, ó bi í bóyá òótọ́ ni pé ó pe ọmọ ọlọ́mọ ní ẹrú. Ìyá yìí ló fi aṣọ rírán rán an lọ sílé ìwé, títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì nídìí abẹ́rẹ́. Ọmọ ìṣẹ́ ni Ìyá Ánímè alára. Ó gbé fóònù sílẹ̀, kò lè jẹun.

Ọkọ rẹ̀ ní kó fa ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

“Ọlọ́run ò sí nínú gúrúùpù àwọn òbí,” ó dá a lóhùn.

Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ló gbà lọ. Iṣẹ́ àbúrò yìí ni kó máa ṣe àwòrán fún àwọn tó ń polówó ọjà, ó sì ní ẹ̀rọ kan tó jẹ́ pé bó bá ti gbọ́ ohùn èèyàn, tó rí ojú rẹ̀, yóò mú onítọ̀hún sọ ohunkóhun. Tíṣà Kọ̀ǹpútà kò wọ́n lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́ràn láti máa ṣàlàyé ẹ̀rọ níwájú kámẹ́rà, kó máa wúkọ́, kó máa ní “ní ti òdodo” kó tó sọ̀rọ̀.

Àbúrò ní kó rò ó wò. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹyin lohùn. Bí èyí bá já bọ́, kò ṣeé ṣà.”

“Ṣé ẹnikẹ́ni bá mi ṣa tèmi?”

“Ọkùnrin yìí, ṣé ó bímọ?”

“Ó bí. Kíláàsì mi ni ọmọ rẹ̀ wà.”

Àbúrò yíjú padà sí ẹ̀rọ rẹ̀. Ìyá Ánímè ló kọ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó jókòó tì í bí ẹni ń ṣe ìdánwò, ó ń pa èyí rẹ́, ó ń fi ìyẹn sí i, títí ọ̀rọ̀ náà fi bá ẹnu ọkùnrin náà mu bí bàtà tí wọ́n wọn ẹsẹ̀ kí wọ́n tó rán: “Ní ti òdodo, àwọn òbí yìí ò mọ nǹkan kan. Gbé ohun tó ń tàn síwájú wọn, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Olódo lọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn. Èmi ni mò ń bá wọn tún máàkì ṣe.” Ó tilẹ̀ rántí fi ikọ́ sí i. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń kọ́ ọmọ pé kí wọ́n má gba ẹ̀rí èké. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Nígbà tí ojú ọkùnrin náà yọ lórí ẹ̀rọ, tó wúkọ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, nǹkan kan dùn lọ́kàn rẹ̀ dé ìka ẹsẹ̀.

Iná ọyẹ́ kò jó bí fídíò yẹn ṣe jó nígbà tó dé gúrúùpù àwọn òbí. Láti ojú fèrèsé yàrá ìkàwé ló ti ń wo àwọn òbí tó kún ẹnu géètì, àwọn kan náà tó ti bú u. Wọ́n ní kí Tíṣà Kọ̀ǹpútà jáde wá. Ó jáde, ó ń tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ń bura pé òun kọ́, pé ẹnì kan ló ṣe é, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣàlàyé. Kò sẹ́ni tó ráyè. Ìyá kan ní bí kì í bá ṣe ẹnu rẹ̀, ẹnu ta ni? Nígbà tó ń bọ̀ lọ́nà ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, tó ti gba ìwé pé kó máa lọ sílé, Ìyá Ánímè dúró dè é lójú ọ̀nà.

“Ẹ fi sùúrù ṣe é,” ó ní. “Ayé á gbàgbé.”

Ọkùnrin náà wò ó. Ó yé e. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ, nítorí ó mọ̀ pé òun ò lè sọ ohun tí wọ́n ṣe fún òun láìsọ ohun tí òun kọ́kọ́ ṣe.

Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹni tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ni yóò wà nídìí fídíò àkọ́kọ́. Wọ́n dá Ìyá Ánímè padà sí kíláàsì. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì fún un ní ọ̀kan lé lórí èyí tó rà. Ó jẹun, ó sùn, ó ń kọrin nínú balùwẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wò ó lórí oúnjẹ, ó ní, “Ó jọ pé Ọlọ́run ti wọ gúrúùpù yẹn.” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Tíṣà Kọ̀ǹpútà wà ní kíláàsì, níbi tó máa ń wà. Ọmọbìnrin tín-ín-rín kan ni, tí wọ́n ń pè ní Ìbéèrè, torí pé kò sí ohun tí tíṣà lè sọ tí kò ní na ọwọ́ lé e lórí. Ní báyìí, ó ti kó lọ sórí àga ẹ̀yìn, ó sì ká ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ apá. Bí Ìyá Ánímè bá kọjú sí pátákó, ọmọ kan á wúkọ́ lẹ́yìn, á ní “ní ti òdodo,” kíláàsì á sì fi ẹ̀rín sí i. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjú sí àwọn ọmọ, kó má baà jẹ́ pé yóò tún gbọ́ ọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí àwọn yòókù ti jáde, Ìbéèrè dúró lẹ́bàá tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

“Mà, ẹ kọ́ wa pé ká máa bi ohun tí a bá rí léèrè: ta ló ṣe ọ́, kí ló ń wá. Mo bi fídíò yìí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè mú un dáhùn.”

Ìyá Ánímè ní kó lọ bi bàbá rẹ̀.

“Mo ti bi í. Ó ní òun kọ́. Ṣùgbọ́n ó ti purọ́ fún mi rí, mà. Òun ló gé tiyín. Ó jẹ́wọ́ fún èmi àti màmá mi. Màmá mi ní ẹ̀san ló ń jẹ, kí n fi í sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀san lóòótọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó pè mí ní olódo ni.”

Ohun tí Ìyá Ánímè ti ń wá láti ìgbà yìí nìyẹn, ìjẹ́wọ́ ọkùnrin náà, láti ẹnu ọmọ inú rẹ̀. Ó dúró de adùn tó mọ̀ yẹn. Kò wá. Kò tilẹ̀ rò ó rí pé ẹnì kan wà tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n ń bá wí. Olódo. Òun ló yan ọ̀rọ̀ náà, ó ti pa èyí tó rọ̀ jù ú lọ rẹ́.

Ó lè ní kí ọmọ náà máa lọ sílé. Ó lè ní irú nǹkan báwọ̀nyí ju agbára òun lọ, pé ẹ̀kọ́ ìtàn lòun ń kọ́. Ó tọ́ sí ọkùnrin yẹn. Ó ṣì dá a lójú síbẹ̀ pé ó tọ́ sí i. Ọmọ náà ń wò ó bí ọmọ ṣe máa ń wo tíṣà tó bá ti mọ̀ pé yóò dáhùn.

“Gbé e wá,” ó ní. “Má wo ojú rẹ̀. Ojú ni wọ́n fi ń tan èèyàn. Ìwọ alára, pe ‘òbí’ kí n gbọ́.”

“Òbí.”

“Kí ni ètè rẹ ṣe?”

“Wọ́n pàdé, mà.”

“Kò sẹ́ni tó lè pè é kí wọ́n má pàdé. Ó yá, wo tirẹ̀.”

Àbúrò rẹ̀ ló ti fi ibẹ̀ hàn án lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, tó sì ní kí òun tún un ṣe. Ìyá Ánímè ló ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ta ni yóò wò ó débẹ̀. Ìbéèrè gbé fóònù súnmọ́ ojú. Ó wò ó, ó dá a padà, ó tún wò ó. Díẹ̀díẹ̀ ni èjìká rẹ̀ ń wálẹ̀.

“Wọn ò pàdé,” ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré gan-an. “Wọn ò pàdé rárá. Bàbá mi kọ́ ló sọ ọ́.”

“Bàbá rẹ kọ́.”

Ọmọ náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù níta, bọ́ọ̀lù bá ògiri kíláàsì, ó sì yí lọ. Ìbéèrè gbé ojú sókè láti orí fóònù, Ìyá Ánímè sì mọ ohun tó fẹ́ bi òun kó tó la ẹnu.

“Ta ló wá ṣe é, mà?”

Ìyá Ánímè dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé àga kan wá síwájú tirẹ̀.

“Jókòó,” ó ní. “Ìyẹn náà ní bí a ṣe ń wádìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí, màá sọ ọ́ fún ọ.”