Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Jáde Báyìí Ni

Ojú wọn ṣe mẹ́rin ní gáréèjì Ìlaròó, láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1978, nígbà tí bọ́ọ̀sì Ayétòrò dé tí gbogbo èrò ya bò ó. Lábísí ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó di ẹrù aṣọ tó fẹ́ lọ rán mọ́ àyà. Bó ṣe wẹ̀yìn wò, ojú rẹ̀ bọ́ sínú ojú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó há fáìlì sábíyá, tí wọ́n ń tì síwá sẹ́yìn. Ẹyinjú ọkùnrin náà tutù bí omi inú àmù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lábísí náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá kan tó gbé agbọ̀n adìẹ tì í wọlé, bọ́ọ̀sì sì gbéra. Ó gbà pé ó ti parí síbẹ̀.

Kò parí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkùnrin yìí kan náà yọ níwájú ilé Ọdẹkúnlé ní Ayétòrò, níbi tí Lábísí ń gbé pẹ̀lú ìyá bàbá rẹ̀, Màmá Àrìnpé. Ó tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ wá ni, ọkùnrin sísanra kan tó ń jẹ́ Bàrúwà, àwọn méjèèjì sì wọ ṣòkòtò kakí. Ilé-iṣẹ́ kan l'Ábẹ́òkúta tó ń ta ọjà àwìn ló rán wọn. Sàláúdéènì Ọlágúnjú kan ló gbé rédíò ńlá tó ń lu àwo lọ lọ́dọ̀ wọn, ó sanwó díẹ̀, ó sì di àwátì. Àdírẹ́sì tó fi sílẹ̀ ni ilé Ọdẹkúnlé.

"Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé yìí," ni Lábísí wí. Òótọ́ ló sì sọ.

Bàrúwà bú sẹ́rìn-ín. "Sìsí télọ̀, wá irọ́ mìíràn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wá, ìyá àgbà tó jókòó yẹn ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Mo tún wá, ó tún ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí mà yá o!"

Lábísí wo Màmá. Màmá ń bó ẹ̀gúsí, kò gbójú sókè.

Ẹni tó bá dàgbà sí etí ẹnubodè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ayé àwọn agbowó-orí, títí dórí àwọn aṣọ́bodè tó ń lé oníṣòwò kiri inú igbó, àgbàlagbà ibẹ̀ kì í sọ fún àjèjì pé òun kò mọ ẹni tó ń wá. Bó o bá ní o kò mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní ò ń fi í pamọ́ ni, wọ́n á sì tú yàrá. Bó o bá ní ó wà nílé, o ti tà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó o bá ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àjèjì á sáré tẹ̀lé e, ilé á sì rójú. Ìdáhùn Màmá nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá wọ ṣòkòtò kakí. Kì í tilẹ̀ gbọ́ orúkọ náà tán.

Bàrúwà kò sáré tẹ̀lé ẹnikẹ́ni. Ó yọjú wo inú ilé, ojú rẹ̀ sì bà lé ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Lọ́jọ́ Sátidé, a ó mú ọkọ̀ wá gbé máṣíìnì yìí. Bí Sàláúdéènì bá dé, kó mú owó wa wá gbà á."

"Tèmi ni! Kòkó ni bàbá mi tà tó fi rà á fún mi nígbà tí mo parí iṣẹ́ kíkọ́. Òun ni mo fi ń jẹun. Àbí mo jọ Sàláúdéènì lójú yín ni?"

"O jọ ìyàwó rẹ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wúkọ́. "Ọ̀gá, bóyá òótọ́ ló ń sọ o."

Lábísí yíjú sí i. "Kí lorúkọ yín?"

"Olútáyọ̀ Adéjùmọ̀."

"Ta ló mọ̀ yín ní Ayétòrò?"

"Kò sẹ́nì kan. Òní ni mo kọ́kọ́ débí."

"Ẹ lọ bi Màmá bóyá Olútáyọ̀ Adéjùmọ̀ wà nílé."

Ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo Lábísí, ó sì lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà. Olútáyọ̀ Adéjùmọ̀ là ń wá."

"Táyọ̀?" Màmá gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lọ́wọ́. "Háà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde báyìí ni. Ẹ ò pàdé rẹ̀?"

"A ò pàdé mà."

"Ọ̀nà Ìjoùn ló gbà. Bẹ́ ẹ bá yára, ẹ ó bá a."

Táyọ̀ wo ọ̀nà náà bí ẹni tó fẹ́ rí ẹ̀yìn ara rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ̀rín pa á débi pé fáìlì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàrúwà kò rẹ́rìn-ín. "Mánijà ò mọ eré arúgbó. Owó ló mọ̀, tàbí ẹrù. Àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí lẹ́tà pé ilé yìí ò jẹ wá ní nǹkan kan. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, Sátidé."

"Èmi á gba lẹ́tà náà wá," ni Táyọ̀ wí.

"Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́?"

Sátidé pé, ọkọ̀ dé, Táyọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Lábísí ti bẹ Màmá títí pé kó sọ òótọ́, Màmá sì dìde dúró lójú ọ̀nà. "Ọmọ mi, n kò mọ Sàláúdéènì kankan rí láyé."

"Wọ́n ti kọ́ yín lóhun tẹ́ ẹ máa sọ, Màmá," ni Bàrúwà wí. Ó ju ọwọ́ sí àwọn alágbàárù. Wọ́n gbé máṣíìnì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òwú pupa ṣì wà lójú abẹ́rẹ́. Lábísí di ẹsẹ̀ máṣíìnì náà kan mú, kò sunkún, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń fà á nìyẹn tí alùpùpù kan fi yà wọlé. Táyọ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, eruku bò ó títí dé ìpéǹpéjú.

"Ẹ gbé e sílẹ̀! Mánijà ti fọwọ́ sí i!"

"Irọ́ ni. Kí lo sọ fún un?"

"Ohun tí Màmá sọ nígbà tí mo béèrè ara mi lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo sọ. Ọ̀gá, ọmọ Ìlárá létí ẹnubodè ni mánijà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bí ìyá òun gan-an ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé àwọn aṣọ́bodè ti wá òun alára lọ sóko lọ́jọ́ tí òun wà lábẹ́ ibùsùn."

Bàrúwà mí kanlẹ̀. Àwọn alágbàárù sọ máṣíìnì kalẹ̀. Táyọ̀ ti ọwọ́ bọ àpò àyà, ó yọ àpòòwé kan tí òógùn ti mú rọ̀, ó sì nà án sí Lábísí. Lábísí jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì, ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ìró rẹ̀, ó sì gba lẹ́tà náà.