Ìlà Àlejò

Kí ẹnikẹ́ni tó dá mi lẹ́jọ́, kó kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ilé ìwòsàn kan ló ń fi ohùn àwọn dókítà ránṣẹ́ sí mi, èmi a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé: àìsàn tó ń ṣe lágbájá, oògùn tí wọ́n fún un, ohun tí àyẹ̀wò rẹ̀ fi hàn. Inú ilé ni mo ti ń ṣe é, ní tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Bí àṣírí aláìsàn kan ṣoṣo bá ti ọ̀dọ̀ mi jáde, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa gbà mí síbòmíràn.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin tó ń bójú tó ààbò ní ilé ìwòsàn náà ní kí n wo inú ráútà wa, ẹ̀rọ tó ń pín ìntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, kí n ka iye ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn. Mo ka mẹ́tàdínlógún. Àwa mẹ́ta la ń gbé inú ilé, ológbò wa kò sì ní fóònù. Ọ̀sẹ̀ kan ló fún mi láti tún un ṣe.

Mo mọ ibi tó ti wá. Màmá, ìyá ọkọ mi, ti ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi ṣe tíṣà. Àlejò kì í jókòó tán kí wọ́n tó fún un lómi àti páswọ́ọ̀dù. Wọ́n á dojú ráútà délẹ̀, wọ́n á wọ awò, wọ́n á wá máa ka lẹ́tà tó wà nídìí rẹ̀ síta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pe ọ̀rọ̀ fún ọmọ kíláàsì. Ẹni tó wá tún páìpù ṣe ti gbà á. Obìnrin òdìkejì ilé ti gbà á, gbogbo ẹbí rẹ̀ náà sì ti gbà á. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní àwọn kò fi ahun tọ́ ọmọ àwọn.

Wáyà ló bá mi tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe okùnrin tó ń so ìntánẹ́ẹ̀tì, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́, wáyà kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé ráútà kúrò lójú fèrèsé lọ sórí pẹpẹ gíga. Ó pa páswọ́ọ̀dù tó bá a wá láti ọjà rẹ́, ó ní kí n fi gbólóhùn gígùn kan tí ẹnikẹ́ni kò lè rò rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pín ìntánẹ́ẹ̀tì wa sí ìlà méjì, ó pe ọ̀kan ní ILÉ, ó pe èkejì ní ÀLEJÒ. Ó ní ẹni tó bá wà lórí ìlà àlejò á rí ìntánẹ́ẹ̀tì lò, àmọ́ kò ní fojú kan kọ̀ǹpútà mi.

Ó wá bi mí pé ìlà wo ni kí òun fi fóònù Màmá sí.

Gbogbo ohun tó bá wọ orí fóònù Màmá ni wọ́n ń tẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó ní wọ́n ti jẹ ẹ̀bùn fìríìjì, ni fóònù wọn bá ń ké bí ọmọ tuntun títí ọkọ mi fi pa á. Nígbà tí Wáyà béèrè ọ̀rọ̀ yìí, Màmá wà ní yàrá, wọ́n ń sun oorun ọ̀sán. Mo ní kó fi wọ́n sí àlejò. Ọkọ mi dúró níbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ká ní ó sọ nǹkan kan ni. Àmọ́ kí n má parọ́ mọ́ ọn, ẹnu tèmi ló sọ ọ́.

Ní aago mẹ́rin, Màmá fẹ́ pe ọmọ wọn obìnrin, bí wọ́n ti máa ń ṣe lójoojúmọ́ kí wọ́n lè rí ojú ọmọ-ọmọ wọn. Iṣẹ́ abẹ ojú yẹn yọrí sí rere púpọ̀. Wọ́n jáde wá bá mi nídìí tábìlì, wọ́n na fóònù sí mi.

"Ìyàwó mi, kí ni wọ́n kọ síbí?"

Mo ní orúkọ ẹ̀rọ lásán ni.

"Mo lè kà á. Nínú ilé ọmọ tí mo bí, àlejò ni mí?"

Mo ṣàlàyé ti ilé ìwòsàn, mo ṣàlàyé ti àṣírí aláìsàn, mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Wọ́n mi orí, wọ́n padà sí yàrá. Wọn kò bá wa jẹun lọ́jọ́ náà.

Ọgbọ́n tí mo wá dá ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Mi ò fún wọn ní ìlà ilé. Mo kàn pe Wáyà pé kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pa orúkọ dà, mo sì yí ÀLEJÒ sí ÌYÁ WA. Ìlà kan náà ni, páswọ́ọ̀dù kan náà. Ọkọ mi mọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní orí mi pé. Nígbà tí mo fi han Màmá, ojú wọn tàn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ọmọ wọn pé ìyàwó àwọn ti fi orúkọ àwọn sọ odindi ìlà kan, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu, àmọ́ mo ń tẹ ìwé mi lọ. Obìnrin ilé ìwòsàn yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dára, iṣẹ́ mi dúró.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo ti pa orúkọ náà dà ni ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe wá. Ó fẹ́ wo àwòrán ẹ̀rọ náà lórí fóònù rẹ̀, ó béèrè bóyá a ní wáìfáì. Màmá tó wà lórí àga ló dá a lóhùn. Wọ́n ní kó má bínú, pé a kì í fún àlejò nínú ilé yìí mọ́ nítorí iṣẹ́ ìyàwó àwọn. Ohùn wọn le, bí ẹni tó ń ṣọ́ ilé fún mi. Ọkọ mi sì ń ti balùwẹ̀ bọ̀, ìbéèrè oníṣẹ́ náà nìkan ló gbọ́, kò mọ̀ pé Màmá wà níbẹ̀.

"Ẹ lo èyí tó ń jẹ́ ÌYÁ WA," ló pariwo. "Òun ni gbogbo àlejò ń lò."

Màmá wò mí. Wọ́n bọ́ awò wọn, wọ́n nù ún, wọ́n fi sínú àpò rẹ̀.

Nígbà tí oníṣẹ́ náà lọ, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. Mo ti kọ páswọ́ọ̀dù ìlà ilé sórí ìwé, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí wọn. Wọn kò gbà á. Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ ṣiṣẹ́ mi, pé èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ti tó. Wọn kò bínú rárá, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ìwé náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Láti ọjọ́ yẹn, Màmá kì í dédé wọ ilé ìdáná. Ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀ gbayawu, síbẹ̀ wọ́n á kàn án, wọ́n á dúró síta.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá ilé, ṣé mo lè rí omi mu?"