Koríko Inú Gíláàsì Tí Kò Lómi

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò lára gíláàsì yẹn, Mahlagha! Mo ní kó o gbé ọwọ́ ẹ kúrò! Ewéko kankan ò ní sùn mọ́jú nínú ilé mi lónìí!"

Ìyá ọkọ mi nìyẹn, Màmá Tuba, ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kẹtàlá ọdún tuntun, pẹ̀lú bàtà ìta lẹ́sẹ̀ nínú pálọ̀. Tí obìnrin Isfahan bá ti wọ bàtà ìta gun kápẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀bẹ̀. Ó di igun kan lára àpótí onígíláàsì mi mú. Èmi náà di ìkejì mú.

"Màmá, kì í ṣe sabze."

"Kí ni?"

"Ilé ẹja ni."

"Ẹja dà?"

"Kò tíì sí ẹja."

"Omi dà?"

"Kò tíì sí omi."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ní òun ti wẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì funfun. "Ilé ẹja tí kò lẹ́ja, tí kò lómi. Ìyàwó, àwo koríko ni wọ́n ń pe ìyẹn."

Sabze ni àlìkámà tí gbogbo ilé ń hù sínú àwo nítorí Noruz, ọdún tuntun àwa ará Iran. Ọjọ́ kẹtàlá ni à ń kó o jáde lọ dà sódò, ká tó lọ jókòó jẹun nínú pápá. Èyí tó bá sùn mọ́jú ọjọ́ kẹrìnlá nínú ilé, gbogbo ibi ọdún náà ti rí yàrá gbà nìyẹn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń da tèmi nù.

Àmọ́ ohun tó wà nínú gíláàsì mi kì í ṣe àlìkámà. Koríko ìsàlẹ̀ omi ni, ó tín-ín-rín bí irun, kò ga tó àtàǹpàkò, òun ló ń tẹ́ abẹ́ ẹja bí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbìn ín sínú omi tààrà. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì, bí ilẹ̀ ṣe mọ́, gbogbo rẹ̀ ti léfòó bí irun tí wọ́n gé sínú bàsíà. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní ó tó. Mo rẹ ilẹ̀ dúdú, mi ò da omi lé e, mo fi ẹ̀mú tín-ín-rín gbin koríko náà ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan fún wákàtí mọ́kànlá, mo fi ọ̀rá bò ó lójú. Omi fífọ́n láàárọ̀, omi fífọ́n lálẹ́, fún ogójì ọjọ́, kí gbòǹgbò tó mú. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Mo ba tèmi jẹ́ títí mo fi mọ̀ ọ́n ni.

Òní ni ọjọ́ kẹrìnlélógún. Ọ̀túnla sì ni dókítà eyín kan ń bọ̀ wá wò ó. Ó fẹ́ kí n ṣe irú rẹ̀ tó gùn ní mítà méjì fún òun, síbi tí àwọn tí eyín ń dùn ti ń dúró de òun. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé: "Má fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Koríko tó ń dàgbà ni mo fẹ́ fi ojú ara mi rí. Tí mi ò bá rí i, mo mọ ọkùnrin kan ní Shiraz." Mo lè gbé ebi mì. Ọkùnrin Shiraz yẹn ni mi ò lè gbé mì.

"Ta ló ń fọ́n omi sí i tó o bá lọ síbi iṣẹ́?" Màmá Tuba bi mí.

"Ẹ̀yin ni, Màmá. Ẹ ṣeun."

"Igò wo ni mo fi ń fọ́n ọn?"

"Igò tí ẹ fi ń fọ́n ti àlìkámà yín."

"Ó dáa. Igò kan, ọwọ́ kan, omi kan. Báwo ni ọ̀kan ṣe jẹ́ sabze, tí èkejì wá di ẹja?"

"Kápẹ́ẹ̀tì ni, Màmá. Kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ omi."

"Kápẹ́ẹ̀tì! Ogójì ọdún ni ìyá mi fi hun kápẹ́ẹ̀tì nílùú yìí. Mi ò rí i kó fọ́n omi sí ọ̀kankan rí."

Mo ṣí ọ̀rá sókè kí n fi hàn án pé koríko mi ti ń yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun tí àlìkámà inú àwo kì í ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti rí kókó. Ẹnìkan ti so koríko mi pọ̀ ní méjì-méjì, níbi méje.

"Àǹtí Suri!"

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé ìkòkò ọbẹ̀ jáde láti ilé ìdáná. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, olùkọ́ ìṣirò, kò tíì lọ́kọ. Obìnrin tí kò tíì lọ́kọ a máa ta sabze ní kókó kí wọ́n tó dà á sódò, kí ọkọ lè dé kí ọdún tó yí po.

"Kí ló dé tó ò ń ké orúkọ mi bí ẹni ń kiri iyọ̀?"

"Ẹ ta koríko mi ní kókó!"

"Ti Màmá ti pọ́n. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń ta èyí tó pọ́n, ìwọ náà rí ohun tó mú wá. Tìrẹ ló ṣì tutù."

"Koríko tí kò ga tó àtàǹpàkò! Kí lẹ fi ta á?"

"Ẹ̀mú rẹ."

Mi ò ní parọ́, ó mọ̀ ọ́n ta. Kókó méjèèje dọ́gba.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u."

"Ta ló ń tú kókó ọkọ? Odò ló ń lọ." Ó gbé ìkòkò sílẹ̀, ó di igun kẹta mú. "Màmá, ó gbọ́dọ̀ jáde o. Ọkọ mi wà nínú ẹ̀."

Nísàlẹ̀, Hushang ọkọ mi ń fọn fèrè mọ́tò. Láti aago mẹ́fà ló ti ń di ẹrù, kó má bàa dá sí ìjà wa. Ẹrù náà ò ju ẹní kan àti fláàsìkì tíì lọ.

Mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé àwọn kókó náà kúrò, mo kó wọn sínú ìnujú kan. Gígé ò pa koríko yẹn lára, ṣe ló ń mú kó tàn ká.

"Ẹ gbà, Àǹtí. Àwọn ọkọ yín rèé. Ẹ mú èyí tó bá wù yín."

Olùkọ́ ìṣirò ni, ó kà wọ́n. "Mẹ́fà nìyí."

"Ìkeje ń lu ìyàwó. Mo yọ ọ́ fún yín."

Ó ronú sí i díẹ̀, ó ká ìnujú náà, ó sì fi gíláàsì sílẹ̀. Màmá Tuba ò fi tiẹ̀ sílẹ̀.

"Ó wá ku èmi àtìẹ," ó ní. "Da omi sí i. Lójú mi báyìí. Tó bá ti lómi, ilé ẹja ni, màá tọrọ àforíjì. Tí kò bá lómi, kò sùn síbí."

"Tí mo bá da omi sí i lónìí, á léfòó. Gbòǹgbò ẹ̀ ò tíì mú. Ọ̀túnla ni dókítà ń bọ̀."

"Ìyẹn ò kàn mí. Omi ló ń sọ gíláàsì di ilé ẹja. Àbí irọ́ ni mo pa?"

"Ẹ ò parọ́."

"Ohun tí kò lómi kò gbọdọ̀ máa jẹ́ orúkọ ohun tó lómi. Ṣé o gbà?"

"Mo gbà, Màmá. Àǹtí Suri náà gbọ́ pé mo gbà."

"Ó tán. Suri, wá bá mi gbé e."

"Ibo lẹ ń gbé e lọ?"

"Odò."

"Odò wo?"

"Odò mélòó ló wà ní Isfahan? Odò wa, lábẹ́ afárá!"

Àǹtí Suri wo ìnujú ọwọ́ rẹ̀.

"Ibi táwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí iléèwé ti wọlé?" mo ní. "Ibi tí Hushang fi kẹ̀kẹ́ là kọjá lánàá nígbà tó ń lọ ra búrẹ́dì, tí eruku bò ó dé etí? Màmá, omi tó ń sọ gíláàsì di ilé ẹja, òun náà ló ń sọ kòtò di odò. Ẹ lọ da omi sí odò tiyín ná. Bí mo bá dé ibẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi sì rin, orí mi ni màá fi ru gíláàsì yìí wá bá yín."