Bẹ́ǹṣì Àwọn Ọmọ Selofehádì

Àlá tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi kọ́ ni mo lá a. Ìbíyẹmí ọ̀rẹ́ mi ló lá a, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, n kò sì ní bù mọ́ ọn. Ó bá ara rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì náà kò lórùlé mọ́. Ojú ọ̀run funfun ló wà lókè, omi tútù sì bo ilẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, omi tí kì í dún bí èèyàn bá ń rìn nínú rẹ̀. Obìnrin ló kún orí bẹ́ǹṣì láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò sì sí ọkùnrin kan ṣoṣo.

Ẹ dúró ná, kí n tó lọ jìnnà. Ó ti pé ogójì ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kú. Ọmọ méjì péré ni bàbá náà bí, Ìbíyẹmí àti àbúrò rẹ̀ Mojírádé. Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn mọ̀lẹ́bí fẹ́ jókòó pín oko kòkó tó fi sílẹ̀. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí ìyá wọn ti kú, Ìbíyẹmí ló ń ro oko náà, òun ló ń fọ́ kòkó, òun ló ń sá a. Ṣùgbọ́n Bàbá Ọlátẹ́jú, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, sọ pé ilé ọkọ ni ọmọbìnrin ń lọ, oko ò sì gbọdọ̀ bá a lọ. Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù: bàbá yìí kan náà ló ránṣẹ́ pé kí àwọn ọmọ méjèèjì se móínmóín tí àwọn àgbà yóò jẹ níbi ìpàdé. Ìbíyẹmí ní, “Ó dáa, sà.” Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n fẹ́ gba oko mọ́ ọ lọ́wọ́, ìwọ náà lo tún máa bọ́ wọn yó.

Ìbíyẹmí ti rẹ ẹ̀wà sómi. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ó jókòó ti abọ́, ó ki ọwọ́ bọ omi láti bó o. Ibẹ̀ ni oorun ti gbé e lọ.

Lójú àlá náà, ó ń wo àwọn obìnrin orí bẹ́ǹṣì. Ọ̀kan ń rán ẹ̀wù kékeré kan, ó ń gbé e sókè wò bóyá yóò gba ọmọ tó ti fi fún Olúwa. Hánà ni. Ọ̀kan di ọkà bálì tó ṣà sínú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, eruku oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Rúùtù ni. Kò sẹ́ni tó júwe wọn fún un o. Bí èèyàn ṣe ń dá ará ilé rẹ̀ mọ̀ lókèèrè ló ṣe dá wọn mọ̀.

Ọwọ́ kan bà á léjìká. Ìyá rẹ̀ ni. Màmá Olùkọ́ ni gbogbo ìjọ ń pè é nígbà ayé rẹ̀, torí òun ló ń kọ́ àwọn obìnrin ní Bíbélì lọ́jọọjọ́rú. Gèlè sányán rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi eyín di píìnì mú, bó ṣe máa ń ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi.

“Jókòó, kí n wé e fún ọ.”

“Màmá, ṣé ẹ̀yin rèé?”

“Ta ni ì bá tún jẹ́? Gbé orí sókè. N kì í wé gèlè fún orí tó tẹ̀.”

Ohun tó máa ń sọ náà nìyẹn. Òórùn òrí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Omijé bọ́ lójú Ìbíyẹmí, kò sì nù ún, kí orí rẹ̀ má baà mì.

“Ta ló ń dáná lónìí?” ìyá rẹ̀ béèrè.

“Èmi àti Mojírádé ni, mà.”

Ìyá fa gèlè náà le. “Wo bẹ́ǹṣì iwájú.”

Àwọn obìnrin márùn-ún ló jókòó síbẹ̀, iwájú orí kan náà ni gbogbo wọn ní.

“Àwọn ọmọ Selofehádì nìyẹn. Bàbá wọn kú sí aginjù, kò bí ọkùnrin. Wọ́n tọ Mósè lọ níwájú gbogbo àgbààgbà, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní ilẹ̀ bàbá àwọn. Ọlọ́run sì ní òótọ́ ni wọ́n sọ.”

“Mo mọ ìtàn náà, mà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa.”

“O mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ níwájú Mósè, ta ló ń dáná?”

Ìbíyẹmí ní, “Màmá, àgbà ni wọ́n. Bí mo bá dìde rojọ́ níwájú wọn, wọ́n á ní ẹ ò kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́.”

“Kúnlẹ̀ kí wọn, kí orúnkún rẹ kanlẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìyẹn, n ò kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkíni la kúnlẹ̀ fún. Bí o bá kí wọn tán, dìde.” Ó gún píìnì mọ́ gèlè náà. “Mo kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀, Ìbíyẹmí, n ò rántí kọ́ ọ ní dídìde. Òun ló gbé mi wá.”

Àwọn márùn-ún náà dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo omi tó wà nílẹ̀ sì mì. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn sún, àyè ẹni méjì sì ṣí sílẹ̀ láàárín wọn. Ẹ̀rù ba Ìbíyẹmí, inú rẹ̀ sì dùn, kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

“Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ ò tíì bó ẹ̀wà?”

Mojírádé ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ewé móínmóín mọ́yà. Ìbíyẹmí ta jí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú omi ẹ̀wà, ó ti hunjọ. Ó nu ojú, ó wọlé lọ ṣí àpótí ìyá wọn, ó mú gèlè sányán náà jáde. Láti ọdún mẹ́sàn-án, kò wé gèlè fúnra rẹ̀ rí. Ó wé e láìwo dígí, gèlè náà sì dúró lórí rẹ̀.

“Móínmóín ńkọ́?” Mojírádé béèrè.

“Àwọn tó fẹ́ pín oko ni kó lọ dáná. Wẹ̀, kí o wọṣọ.”

Nígbà tí wọ́n dé ìpàdé, àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, orúnkún wọn kanlẹ̀. Bàbá Ọlátẹ́jú ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó yá, ẹ máa lọ sídìí iná.”

Wọ́n dìde. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí.